Bí A Ṣe Ń Fún Omi Lọ́nà Lórí Òkè Ẹyẹlé

Jákọ́bù Òjó Ọmọ́jọlà. Ọmọ olókè tí í fi òkúta ṣe ìrọ̀rí. Ọmọ a-tẹ́-òkúta-bí-ẹní. Ọmọ a-júwe-ọ̀nà-fómi kí omi má baà ya ilé onílé. Òjó tí kì í sá fún òjò. Bàbá Fọlákẹ́, ọkọ Ìyá Fọlákẹ́ tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi ni. Òun ló sọ mí di ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ṣe é nígbà tí ọpọlọ mi ṣì pé. N kò tíì gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni tí mo bá ṣiṣẹ́ rí.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wò ó bóyá kọ̀ǹpútà lẹ óò kọ́ ni àbí ẹ óò kọjá sí Èkó, ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Iṣẹ́ tí mo ṣe kò ní orúkọ tó dùn-ún pè. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni mo ń tún ṣe. Kì í ṣe títì ọlọ́dà o. Ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ni, láti ìsàlẹ̀ Òkè Ẹyẹlé lẹ́yìn Ìgèdè, títí dé ibi tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun, tí ìjọba wá kọ́ táńkì omi sí lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń lọ gbàdúrà ń gbà á, àwọn ọmọ iléèwé ń gbà á, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdí táńkì náà ń gbà á.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi kú, oko kò tó wa pín, ẹ̀gbọ́n mi Gàbúríẹ́lì mọ akọ̀wé kan ní kánsù, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Owó oṣù a máa wọlé nígbà mìíràn, nígbà mìíràn a máa ṣe bí ẹni tó ṣìnà. Ó tán.

A jẹ́ mẹ́fà lábẹ́ Bàbá Òjó: Ọláìtán ará Ìgbẹmọ tí kì í fọ́ òkúta láìkọrin, Súlè, Àbíọ́nà, Jóṣúà ńlá, Jóṣúà kékeré, àti èmi. Jóṣúà kékeré ló ga jù nínú àwọn Jóṣúà méjèèjì. Gbogbo wọn ti lọ. Èmi nìkan ló kù tí mo lè sọ ọ́.

Bàbá Òjó kúrú, ó dúdú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ a máa dé orí òkè kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ru ọkọ́ tuntun, mo sì fi àdá tuntun há abíyá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi wọ̀nyẹn ṣe?"

"Iṣẹ́ ni, sà."

"Uṣẹ́ kọ́ rèé. Kó wọn sílẹ̀. Ṣé òjò máa ń pa ọ́?"

Bàbá kì í sọ Yorùbá àwọn tíṣà. Ohùn Èkìtì wa ló ń sọ, uṣẹ́ ló ń pe iṣẹ́, ulé ló ń pe ilé. Mo dáhùn pé òjò kì í pa mí. Ó ní kí n lọ sílé, bí òjò bá ti ṣú kí n wá.

Òjò mẹ́ta gbáko ni mo fi tẹ̀lé omi lórí òkè yẹn, mi ò fọwọ́ kan ọkọ́. Igi kékeré kan ló fún mi. Ibi tí omi bá wọ ojú ọ̀nà, kí n fi igi náà sàmì. Ibi tó bá ti jáde, kí n sàmì. Nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, òun á gòkè wá, á bi mí léèrè bí ẹni ń gbọ́ kátíkísìmù. Bí mo bá ṣì í, á ní, "O sùn." Bí mo bá ní n kò sùn, á ní, "Ojú rẹ là sílẹ̀, o sì sùn. Padà wá nígbà òjò mìíràn." Ọláìtán àti àwọn yòókù á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Dáníẹ́lì, ṣé omi ti kí ọ lónìí?"

Lọ́jọ́ tí mo kà á tán láìṣì, ó ní, "Ó dáa. Omi ni ọ̀gá ibí. Èmi, fóómánù rẹ̀ lásán ni mí. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n má bá a jà. Fún un ní ọ̀nà tirẹ̀ kí o tó fún ènìyàn ní tiwọn."

Ìgbà yẹn ló tó jẹ́ kí n mú díígà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà orí òkè dà bí ìlà tí ẹnì kan fi ìka fà sára ilẹ̀. Bí omi bá rí i, á ní òun ni wọ́n là á fún. Nítorí náà a máa ń to òkúta ńláńlá dábùú ọ̀nà, a ó mú un dagun díẹ̀, kí omi tó bá ń sáré bọ̀ lè forí lé e, kó sì yà sínú igbó. Apá la ń pe irú ìtò òkúta bẹ́ẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni na apá láti júwe ọ̀nà fún àlejò. Lẹ́yìn apá ni àtẹ̀gùn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta òkúta àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀. Bàbá a máa sọ pé, "Òkúta tí o bá rí gbogbo ara rẹ̀, àlejò ni. Èyí tó jẹ́ orí rẹ̀ nìkan lo rí, onílé nìyẹn." Bí a bá tẹ́ ọ̀kan tán, á gbé ife tánganran tó kún fún omi lé e, á fo sókè, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí omi bá dà, bó ṣe ìkán kan, a ó hú òkúta náà. Mo rántí ọ̀kan tí èmi àti Súlè hú lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Súlè bú sẹ́kún, ọkùnrin tó bí ọmọ méje. Bàbá ní, "Sunkún dáadáa, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kán sínú ife mi."

Òfin kẹta ni èyí tó mú mi sọkún ní tèmi. Koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: gé e, má hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di òkè náà mú.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Páànù la fi ń ru òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀, àtàrí mi sì ń jẹ́rìí sí i títí dòní. Báárò dé, kò wúlò lórí òkè, ó sáré lọ láti ọwọ́ Àbíọ́nà, ó lọ kan igi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ dé, tí ènìyàn méjì á fi ọwọ́ yí, tí òkúta tó tó ewúrẹ́ méjì á sì máa bọ̀ wẹ́rẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá wò ó, ó ní, "Ó ní agbára. Ṣé ó mọ ibi tí òkúta ń lọ?"

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi jẹ fóómánù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní fèrè, mo ní fìlà, mo rò pé mo ní ọgbọ́n náà.

Ọdún kan wọ́n sọ pé àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti Adó wá wo òkè náà, pé wọ́n fẹ́ kí àwọn àlejò máa wá gùn ún. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Bí àlejò bá ń bọ̀, a ó yẹ ọ̀nà. Ìlú tí koríko bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní kò lọ́mọ. Ìjọ mẹ́ta jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀, wọ́n pín ọ̀nà náà láàrin ara wọn, ìjọ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ kí tirẹ̀ mọ́ ju ti èkejì lọ. Wọ́n gé koríko, wọ́n hú gbòǹgbò, wọ́n fi ọkọ́ ha ilẹ̀ títí ó fi pọ́n bí epo. Àwọn ìyá ní apá tí a tò dábùú ọ̀nà ń kọ àwọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n yí wọn dànù. Mo dúró pẹ̀lú fèrè mi, mo ń wò wọ́n. Mo mọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń kígbe pé, "Fóómánù, ẹ kú iṣẹ́! Ọ̀nà yín ń dán!" Yínniyínni kẹ́ni ó ṣe òmíràn, ìyìn ọjọ́ yẹn sọ mí di aláìgbọ́n.

Bàbá Òjó fi ọ̀pá rìn wá sí ìsàlẹ̀ òkè. Ó wo òkè náà, ó wò mí.

"Dáníẹ́lì, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Kí ló dé tí ẹ fá orí òkè?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ayé ti yí padà." Ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti sọ ọ́. Ó yí padà, ó lọ sílé.

Àwọn èèyàn ńlá wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òjò ńlá dé, ọ̀sán gangan ni. Omi rí ọ̀nà pupa tó mọ́ tónítóní láti òkè délẹ̀, kò sí apá kan tó dá a dúró, ó sọ ọ́ di kòtò tó jìn ju àyà mi lọ. Àwọn òkúta tí a ti rì mọ́lẹ̀ láti ìgbà Súlè yí wálẹ̀. Ọ̀kan ya wọ oko Màmá Tèrésà ní ìsàlẹ̀ òkè, ó wó abà rẹ̀, ó sì kán an lẹ́sẹ̀. Inú abà náà ló sá òjò sí.

Ẹsẹ̀ yẹn kò tọ́ mọ́. Wọ́n ti ọ̀nà òkè pa. Kò pẹ́ tí èmi náà fi fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ṣe pàtí fún mi, mi ò sì bínú. Bàbá Òjó kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kí ìyàwó mi Rúùtù, á béèrè àwọn ọmọ, á wá wo orí mi kọjá bí ẹni ń wo fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá bá mi, Tíṣà Bísí, tó ń kọ́ni ní Adó. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gun òkè káàkiri ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wọ bàtà ńlá, wọ́n á gbé àpò kékeré sẹ́yìn. Ó ní àwọn fẹ́ tún ọ̀nà Òkè Ẹyẹlé ṣe, kò sí ẹni tó fẹ́ gbowó, ara àwọn làwọn yọ̀ǹda. Mo ní kó lọ bá Bàbá Òjó. Ó lọ. Bàbá gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ń gòkè, ẹ ò ru nǹkan kan, ẹ ò sì kó nǹkan kan bọ̀. Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan sórí rẹ̀ ni?" Bísí ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Lẹ́yìn náà ni Bàbá wá sọ pé, "Dáníẹ́lì ló bà á jẹ́. Dáníẹ́lì ni yóò tún un ṣe. Bó bá ṣe é tán, tí òjò ńlá bá sì rọ̀ sí i, kó wá sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ rán sí mi láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ọ̀gá yín ò bá yín bínú rí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Bàbá ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún. Mo mọ̀ pé a ò ní òjò púpọ̀ mọ́ láti fi tọrọ gáfárà.

Ṣùgbọ́n oko Màmá Tèrésà ni omi òkè náà ń gbà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ní etí rẹ̀ níbi tí ọgẹ̀dẹ̀ wà. Bí kò bá gbà kí omi padà síbẹ̀, kò sí iṣẹ́. Èmi àti Bísí lọ bá a. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ wà lọ́wọ́, nítorí Àgùdà ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta nìyẹn? Ṣé Dáníẹ́lì tí í fá òkè ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Dìde, ẹ̀yìn á ro ọ́. Mi ò ní òróró tí n óò fi pa á."

Mo sọ ohun tí a bá wá. Ó na ẹsẹ̀ tó kán síwájú.

"Ẹsẹ̀ kan ló ṣì dára. Ṣé ẹ wá mú un ni?"

Bísí fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ dá a dúró. Mo ní, "Màmá, mo mọ̀ nígbà yẹn pé kò dáa. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó pẹ́ kí o tó sọ ọ́." Ó tún ka ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀. "Ẹ óò jẹ́ kí omi gba etí ọgẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò máa wá síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Àtẹ̀gùn èyíkéyìí tí ẹsẹ̀ mi yìí kò bá lè gùn, ẹ óò hú u."

Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ogún a máa wá, nọ́ọ̀sì, télọ̀, ọlọ́kadà, ọmọ yunifásítì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kó ọkọ́ tuntun wá. Mo ní kí wọ́n kó o sílẹ̀, kí wọ́n lọ sílé, bí òjò bá ṣú kí wọ́n wá. Wọ́n wo ara wọn. Mẹ́sàn-án ló padà wá nínú òjò. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni mo kọ́, àwọn ló sì kọ́ àwọn yòókù. Fẹ́mi ọlọ́kadà da ewé gbígbẹ sínú omi kó lè rí ibi tó ń lọ. Ọgbọ́n yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Bísí ya gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Nígbà tó gbé e lọ fi han Bàbá, ó ní Bàbá gbé ojú kúrò, ó ní, "Òjò kì í rọ̀ nínú fóònù."

Màmá Tèrésà a máa gun àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Eléyìí ga. Ṣé ẹ rò pé ẹtu ni mí?" A ó hú u. "Eléyìí ń mì bí ehín àgbà." A ó hú u. Nígbà mìíràn á gùn ún, á dúró lórí rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan, á ti ọ̀pá lọ sórí èyí tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ èyí tó dára. Ìgbà tó fi máa di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kejì, òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ìdí táńkì.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún yìí dé. Ó rọ̀ láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gòkè, mo ka apá kọ̀ọ̀kan, mo sì lọ sílé Bàbá. Ó ti ń ṣàìsàn, Fọlákẹ́ ọmọ rẹ̀ gbé e sínú àga.

"Apá mélòó ló dúró?" Kò kí mi.

"Gbogbo rẹ̀, sà. Àfi ẹyọ kan."

"Èyí tó wà lókè igi ìrókò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo mọ̀. Omi ibẹ̀ kì í gbọ́ràn. Èmi náà kò rí i ṣe rí. Ẹ fi í ṣe méjì, kí èkejì wà ní ìsàlẹ̀ èkíní, kí ó gùn jù ú lọ." Ó mí. "Oko Màmá Tèrésà ńkọ́?"

"Omi kò dé ìdí iṣu rẹ̀, sà."

Ó pa ojú dé, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá pe ọmọ rẹ̀. "Fọlákẹ́, bu oúnjẹ fún Dáníẹ́lì." Mo jẹun nílé Bàbá. Iyán ni, pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Mi ò lè sọ bó ṣe dùn tàbí bí kò dùn.

Bàbá kú lọ́sẹ̀ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ẹsẹ̀ mi kọ òkè. Bísí pè mí, mo ní ó rẹ̀ mí. Àwọn apá méjì tó ní kí a ṣe, mi ò ṣe wọ́n. Ó dà bí ẹni pé bí mo bá ṣe é tán, kò ní sí iṣẹ́ tó rán mi mọ́. Òjò náà sì dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó di ọjọ́ ìsìnkú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo ti wọ aṣọ funfun mi, Rúùtù ń di gèlè. Bísí dé pẹ̀lú Fẹ́mi lórí ọ̀kadà.

"Bàbá, ẹ wo ojú ọ̀run."

Ó ti ṣú sí ìhà Adó. Bí apá kan ṣoṣo yẹn bá wà ní wíwó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kòtò á ti bẹ̀rẹ̀, á sì forí lé oko Màmá Tèrésà. Mo wo Rúùtù. Ó ní, "Kí lẹ tún ń wò mí fún? Ẹ bọ́ agbádá."

Àwa mẹ́fà la gòkè, èmi, Bísí, Fẹ́mi, àti mẹ́ta nínú àwọn mẹ́sàn-án. A ti rí òkúta náà tẹ́lẹ̀, a fi ẹ̀rọ fà wọ́n, a tò wọ́n bí ó ṣe ní kí a tò ó, méjì, ìsàlẹ̀ gùn ju òkè lọ. Kò sí ife tánganran. Fẹ́mi bu omi sínú ìdérí ìgò, mo fò, orúnkún mi dún, omi kò dà.

Ẹrẹ̀ wà lára ṣòkòtò mi dé itan nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà kan fẹ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fọlákẹ́ dìde láti ibi tó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ olóògbé, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì mú mi jókòó sáàárín wọn. Orin kejì la ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí òjò dé, ó ń lu páànù òrùlé débi pé a ò gbọ́ ohùn pásítọ̀ mọ́. Bísí kò wá jókòó. Mo mọ ibi tó wà.

Òjò dá kí ìsìn tó parí. Bísí wọlé, aṣọ rẹ̀ rin gbindin, ó tẹ̀ sí etí mi.

"Omi yà, Bàbá. Méjèèjì dúró. Màmá Tèrésà ní kí n sọ fún yín pé òun ń bọ̀, kí wọ́n má tíì bo ibojì."

A dúró dè é. A sin Jákọ́bù Òjó Ọmọ́jọlà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní Ìgèdè-Èkìtì.